Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Olú Lórí Igi Tí A Rì Mọ́lẹ̀

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti ìgbà tí mo ti sọ níbí pé olú oyster ni mò ń gbìn sórí igi lẹ́yìn ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró mọ́, àwọn kan kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹnì kan tiẹ̀ dá mi dúró ní Sábó níbi tí mo ti ń ra ata. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, mo kàn ṣa àwọn tó ń yọ èèyàn púpọ̀ lẹ́nu ni.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀yọ́ ni mo wà. Igi máńgòrò kan wó lẹ́yìnkùlé mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tó yá mo ní kí n má fi ṣòfò, mo gé e sí ọ̀nà mẹ́fà, mo lu ihò sí i, mo ki irúgbìn olú bọ̀ ọ́, mo sì rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, mi ò rí olú oyster kankan, nǹkan dúdú kan tó rí bí ìka èèyàn ló ń yọ níbẹ̀, àti òmíràn tó le bí awọ bàtà. Ibo ni mo ti ṣì í? Bàbá Ìbejì, Ọ̀yọ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí.

Igi yẹn ti kú pẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Olú ò dà bí ẹ̀fọ́ tó ń wá ilẹ̀ ọlọ́ràá, igi fúnra ẹ̀ ló ń jẹ, fọ́nrán funfun bí òwú ló máa ń gba inú igi lọ tí á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, olú tí à ń rí lóde yẹn, èso ẹ̀ ni. Igi tó bá wá ti sùn sílẹ̀ gba òjò fún bí ọdún kan, onílé ti wà nínú ẹ̀, ìka dúdú tí ẹ rí yẹn àtèyí tó le bí awọ yẹn ni onílé, wọ́n ti pín igi náà láàárín ara wọn kí irúgbìn tiyín tó dé, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ lé wọn jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, tó bá jẹrà tán á di ajílẹ̀ fún yín.

Igi tútù la máa ń lò, èyí tó wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, tí kò sí ojú egbò lára ẹ̀, tí èèpo ẹ̀ pé. Ẹ gé e sí bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kó fẹ̀ tó ínṣì 4 sí 8, ẹ gbé e síbi tí òjìji wà kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣì lágbára díẹ̀ láti bá olú jà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù kan kí ẹ tó lu ihò sí i. Èèpo yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ojú. Òun ni aṣọ igi, òun ló ń mú kí omi inú ẹ̀ má gbẹ, òun ló sì ń lé olú àjèjì sẹ́yìn, ibi tó bá ti bó, ibẹ̀ ni wàhálà máa ń gbà wọlé. Igi tó bá ń rúwé tuntun lọ́wọ́, èèpo ẹ̀ tètè máa ń ṣí, ìdí nìyẹn tí èmi fi ń gé tèmi ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí òjò tó dé.

Ihò yẹn, ẹ fi díríìlì lu ú, bíìtì ìdajì ínṣì, kó jìn ju ínṣì kan lọ díẹ̀, kí ihò kan sí ìkejì tó ínṣì 6 ní òró, ínṣì 3 ní ìbú, igi kan á gbà tó ihò 30 sí 40. Ẹ ki irúgbìn (ìyẹ̀fun pákó tàbí ọkà tí fọ́nrán olú ti hù bò) bọ̀ ọ́ kó kún dáadáa, kí ẹ wá yọ́ ìda oyin kí ẹ fi dí i lójú (àbẹ́là náà ṣeé yọ́ tí ẹ ò bá rí ìda). Ẹ má fo ìda yẹn o, mo mọ ẹni tó ní ó ń dá òun dúró, tó fi ẹrẹ̀ dí i, èèrà ló kó gbogbo ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, irúgbìn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó ṣe ló dáa jù fún igi, ti ọkà bàbà tí wọ́n ń tà káàkiri dáa fún ẹni tó ń gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n lára igi, eku àti èèrà máa ń wá ọkà yẹn kiri ni.

Ohun kejì ni pé ẹ rì í lọ́jọ́ kan náà tí ẹ gbìn ín. Bàbá, ilẹ̀ kì í ṣe ibi tí olú oyster ti ń jẹun, ibi tó ti ń mu omi ni. Ilẹ̀ kún fún oríṣiríṣi nǹkan tó ń jẹ igi, tí ẹ bá gbé igi síbẹ̀ nígbà tí irúgbìn tiyín ò tíì rìn kọjá ojú ihò, àwọn ará ilẹ̀ á borí ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n jọ lábẹ́ igi tó ṣíji bolẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, kó má kan ilẹ̀, ẹ fi àpò ìrẹsì tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Nínú ooru tiwa níbí á tó oṣù 3 kí fọ́nrán tó gba inú ẹ̀ kan, èyí tó nípọn lè tó 6 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yá rèé. Mo ní igi ayùnrẹ́ kan tí mo ń ṣọ́ bí ọmọ tuntun, láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà mo yí i sókè, mo fi èékánná ha ojú ibi tí wọ́n ti gé e, funfun ló jáde, kì í ṣe funfun orí lásán, ó wọnú lọ, ó tò yípo lẹ́bàá èèpo bí ìgbà tí èèyàn fi ìyẹ̀fun fa ìlà sí etí àwo, mo gbé imú sí i, òórùn olú tútù ni, kò kan rárá. Mo gbé e, ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo gbẹ́ ilẹ̀ fún un (ìgbà yẹn nìyẹn o, ọ̀rọ̀ ikán ń bọ̀ nísàlẹ̀). Ìdá mẹ́ta ẹ̀ ni mo pín, ìdá kan wọlẹ̀, ìdá méjì wà lókè, òró ni mo dá a sí. Ẹ lè dá a sùn náà, kẹ́ ẹ rì í dé bí ìdajì, ohun tó ṣe kókó ni pé kí inú igi lè máa fa omi láti ìsàlẹ̀, torí igi tó bá dúró sí afẹ́fẹ́ lásán ní ilẹ̀ wa yìí, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì láìsí òjò ó ti ń gbẹ.

Ẹ yẹ irúgbìn wò kí ẹ tó sanwó o. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ta àpò mẹ́rin fún mi, mo gbé e délé mo tú u, ó ń rùn kíkan bí ògì tó ti pẹ́, igun kan nínú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo ní kò burú, mo gbìn ín bẹ́ẹ̀. Igi mẹ́sàn-án ló ṣòfò, igi tí mo fowó gé, tí mo fowó kó délé. Irúgbìn tó dáa, funfun ni látòkè délẹ̀, ó máa ń di ara ẹ̀ mú, kò sì ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú níbì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, irú igi wo ló dáa jù? Oríṣiríṣi igi ló máa ń kù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Káfíńtà kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kúuṣẹ́ sà. Tí ó bá jẹ́ pákó tí wọ́n ti là ni, ẹ gbàgbé ẹ̀, kò léèpo, àwọn míràn sì ti gba òògùn ikán sára, ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn máa jẹ. Nínú igi tútù, máńgòrò dáa, ayùnrẹ́ dáa gan-an, afárá dáa. Arère rọ̀, olú tètè máa ń gbà á, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó tán. Ẹ má fi ìrókò dán an wò, ẹ má fi tíìkì dán an wò, ohun tó wà nínú wọn tí ikán ò fi lè tètè jẹ wọ́n náà ni kò ní jẹ́ kí olú rí wọn jẹ. Dóńgóyárò náà, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé igi igbá nítorí olú. Ẹni tó bá mọ iye ọdún tí igbá fi ń dàgbà kó tó so, tó sì mọ ohun tí irú jẹ́ nínú ọbẹ̀ wa, kò ní fi àáké kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi, ikán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, igi mi funfun dáadáa, mo rì í ní oṣù keje, olú yọ lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní oṣù kejìlá, mo ta á nípàá báyìí, ó dún kòròfo, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán pátá. Ṣé kí n da òògùn sí i ni? Ọmọ yín ní Ìkòyí-Ilé.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ará ibí gbọ́ dáadáa, torí àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe olú báyìí, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n wà, ikán tiwọn ò tó tiwa, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kàn gbẹ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ rì í. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá ri igi tútù mọ́lẹ̀ lásán ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ikán ni.

Òògùn kọ́. Mo bẹ yín, ẹ má dà á. Olú máa ń fa ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ àti nínú igi sára, òògùn ikán tẹ́ ẹ bá dà sídìí ẹ̀ lónìí, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lẹ máa jẹ ẹ́ lọ́la. Epo mọ́tò àlòkù náà, rárá o.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mi ò rì í sínú ilẹ̀ gangan mọ́. Ìkòkò omi ìgbà àtijọ́, àwọn èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìlọrin, tó bá ti sán tí kò gba omi mọ́, mo máa ń bẹ àwọn ìyá wa kí wọ́n fún mi dípò kí wọ́n sọ ọ́ nù. Màá lu ihò kékeré méjì sí ìdí ẹ̀ kí omi lè máa jò jáde, màá fi òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, màá wá da iyanrìn odò tí mo ti fọ̀ sí i, inú iyanrìn yẹn ni màá ri igi bọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ara ìkòkò amọ̀ máa ń làágùn, ìyẹn á máa mú iyanrìn tutù nígbà tí oòrùn bá mú. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ni ìkòkò ń jókòó sí, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wà nínú abọ́ ike tí omi wà. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀nà ikán tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ gba ara búlọ́ọ̀kù, ẹ hó o kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fi ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi inú abọ́ yẹn kí ẹ̀fọn má fi ṣe ilé. Tí ẹ ò bá rí ìkòkò, àgbá tí wọ́n gé sí méjì tàbí ike kíkùn ńlá tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́ náà á ṣe é.

Wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ fi eérú yí i ká. Eérú yípo lórí ilẹ̀ ò burú, ó máa ń dá ikán dúró díẹ̀ títí tí òjò á fi fọ̀ ọ́ lọ, ẹ má ṣá jẹ́ kó kan igi, eérú ò bá fọ́nrán olú mu.

Ọmọ mi, mo ti dàgbà, mi ò lè wọ inú igbó mọ́. Olú tí ẹ̀yin ń gbìn yìí, mo tọ́ ọ wò níbi ìyàwó ọmọ mi, ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rán. Ṣé ẹ lè bá wa gbin ọ̀rán sórí igi? Ìyá àgbà kan, Àwẹ́.

Màmá, mo kí yín tẹ̀yìn tẹ̀yìn. Mo ka ìwé yín títí, ojú mi sì lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, bó ṣe máa ń jáde ní kùtùkùtù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí á gbé igbá kékeré dání, tí kò ní sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, tí á padà dé tí ìgbátí ìró ẹ̀ á tutù fún ìrì, tí igbá á kún fún ọ̀rán, funfun kéékèèké, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà nídìí wọn. Ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn kì í fẹ́ ẹran.

Màmá, kò ṣeé ṣe lórí igi, ìdí ẹ̀ sì jẹ́ ohun ìyanu fún èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ikán ni àgbẹ̀ tó ń gbin ọ̀rán. Ikán á kó ewé gbígbẹ àti igi wọlé, á jẹ ẹ́, á wá fi ohun tó gba inú ẹ̀ jáde mọ nǹkan kan tó rí bí afárá oyin sínú ilé ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, orí afárá yẹn ni fọ́nrán funfun máa ń hù sí, fọ́nrán yìí á bá ikán sọ igi líle di oúnjẹ rírọ̀, ikán á sì jẹ nínú ẹ̀. Ikán ò lè ṣe láìsí i, òun náà ò lè ṣe láìsí ikán. Nígbà tí òjò bá dé ló wá máa ń yọ orí sókè lára òkìtì ọ̀gán tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìgbà mìíràn ikán fúnra ẹ̀ ló máa kó afárá yẹn jáde sórí ilẹ̀ tí ọ̀rán wẹ́wẹ́ á bo ibẹ̀. Ọdún 1942 ni onímọ̀ ará Faransé kan, Roger Heim, fún gbogbo ìdílé olú ikán yìí lórúkọ ìwé, Termitomyces, ọ̀kan sì wà nínú wọn ní Zambia tí fìlà ẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò tíì máa gbìn ín tà bí a ṣe ń gbin oyster, ikán nìkan ló mọ iṣẹ́ yẹn.

Nítorí náà màmá, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín níbi tí ẹ ti máa ń rí i. Ẹ fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Òkìtì ọ̀gán tó bá wà lóko tí kò dí wa lọ́wọ́, ká má da òògùn sí i, ká má fi katakata wó o. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ń lé ikán nídìí igi mi, àmọ́ èyí tó wà lóko lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó wà lóko.

Anti, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíá. LAUTECH ni mo ti ń kàwé. Olú mìíràn yọ nídìí igi mi, níbi tí igi ti kan ilẹ̀, ó funfun, ó rẹwà, ó ní òrùka lọ́rùn. Rúùmúméètì mi ní tí kòkòrò bá ti jẹ lára ẹ̀ kò ní májèlé. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Mo ti dá ọmọ yìí lóhùn lórí fóònù lọ́jọ́ tó kọ ọ́, mo kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbọ́ ni.

Kòkòrò àti ìgbín máa ń jẹ olú tó lè pa èèyàn, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣíbí fàdákà tí wọ́n ní ó máa ń dúdú, irọ́ ni. Ká sè é títí kí májèlé ẹ̀ lọ, irọ́ ni, èyí tó burú jù nínú wọn, iná ò lè mú un kúrò. Olú oyster kì í ní òrùka lọ́rùn, kì í ní àpò nídìí, ẹ̀gbẹ́ igi ló ti ń yọ, á tò léra wọn bí pèpéle, ìlà abẹ́ fìlà ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ títí kan ọrùn ẹ̀. Ohun tó bá hù láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yín, ẹ má kà á mọ́ tiyín, ẹ fà á tu, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fọwọ́. Ibi tí a bá ti ri igi mọ́lẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti rọrùn jù, torí ti igi àti ti ilẹ̀ á wà lójú kan náà.

Tí ẹnì kan bá ti wá jẹ ẹ́, ẹ má dúró kí inú tó máa run ún. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, á tún dà bíi pé ara ti ń yá lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má fi epo pupa tù ú. Ọsibítù ni tààrà, kẹ́ ẹ mú èyí tó ṣẹ́ kù nínú olú náà dání kí dókítà lè rí i.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó wà níbẹ̀? Kí ni kí n ṣe sí igi mi nígbà ọyẹ́? Ìyàwó tísà, Fìdítì.

Ìyàwó wa, tó bá jẹ́ owó kíákíá lẹ fẹ́, ẹ lọ gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ti sè dáadáa, láàárín oṣù kan sí méjì ẹ ti lè máa ká. Igi ò rí bẹ́ẹ̀. Igi máa ń pẹ́, ó máa ń yọ nígbà tó bá wù ú, lẹ́yìn òjò ńlá pàápàá, àmọ́ kò béèrè iná, kò béèrè ilé, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa náwó sí i, á sì máa fún yín ní olú ọbẹ̀ fún ọdún kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ikán ò bá rí i. Ìdílé ni mo fi ń ṣe tèmi, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni mò ń tà. Irúgbìn tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè èyí tó lè gba ooru, Pleurotus pulmonarius ni kẹ́ ẹ dárúkọ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta olú shiitake fún yín nítorí pé ó lórúkọ, òtútù lòun fẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má retí olú. Iṣẹ́ yín nígbà yẹn ni kí igi má gbẹ, torí igi tó bá gbẹ pátá, fọ́nrán inú ẹ̀ á kú. Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó, ẹ bu omi sí iyanrìn ìdí ẹ̀ lálaalẹ́, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n gé. Tó bá ti ń sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ yọ igi náà, ẹ rì í sínú omi fún wákàtí 24, omi tí kò ní ọṣẹ o, kẹ́ ẹ sì gbé e padà sáyè ẹ̀. Tí òjò bá wá padà dé, tẹ́ ẹ rí kókó kéékèèké bí orí ìṣáná lára èèpo ẹ̀, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, láàárín bí ọjọ́ márùn-ún sí méje á ti tó ká, kẹ́ ẹ ká a nígbà tí etí fìlà ẹ̀ ṣì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀.